Nítorí Ààrò Màdáámù

Ìyá mi kékeré, ọmọ mi tòótọ́,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo sì kí ọ kú ìfaradà àwọn ènìyàn ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí tíì àti búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ikùn jẹ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, àti ojú mi tó pọ́n bí ata, tí n ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ tí mo bá débẹ̀. Káfíńtà ti wá tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣe. Kò ṣí mọ́ rárá báyìí. Ó ní ìyẹn ló dáa jù, pé ilẹ̀kùn tí onílé ò lè ṣí, olè náà ò lè ṣí i. Ojú fèrèsé la ń gbà jáde. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe làálàá lásán. Ibi tí o bá fi ọwọ́ rẹ méjèèjì sí, èrè ni yóò ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní kí o má sinmi, òun náà kò ní rí ibi jókòó. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ sínú fóònù dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú. Mo mú fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni tó máa ń bá wa fi iná sí i, torí pé òun ló mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ sì jáde láàárín èrò, nítorí pé fóònù ọ̀hún kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àṣírí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. A gbọ́ pé ààrò tí o ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún Màdáámù ní gbàgede ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń rú èéfín sí àlejò lójú. A gbọ́ pé Màdáámù ní àlejò pàtàkì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò dán iná náà wò, bí èéfín bá sì tún rú síta, kí o kó ẹrù rẹ, òun ó pe ẹlòmíràn, òun kò sì ní san nǹkan kan fún ọ. A tún gbọ́ pé bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí o dá gbà fúnra rẹ yìí bá bàjẹ́, o ó padà lọ bẹ ọ̀gá rẹ àtijọ́ kó gbà ọ́ sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti yí padà. Mo ní kó tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Ìyá kan tó wá gba fóònù tirẹ̀ ní kí n má sunkún, pé iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò burú. Mo ní n kò sunkún. Irọ́ ni mo pa fún un.

Kí n sọ òótọ́, n kò fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí o fi ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí o ní ilé àti ẹ̀yìnkùlé olówó lo fẹ́ máa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí o sì wá ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá pé Màdáámù fẹ́ kí ààrò òun dà bíi ti ará oko, pé kí n kó àwọn ohun ìdáná wa àtijọ́ wá, àwọn tó ti gbó, tó ti dúdú, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé nǹkan ti le fún obìnrin yẹn. Ẹni tó kọ́ ilé alájà méjì, tó wá ń wá agbọ̀n ajádìí àti ìkòkò dúdú lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, kí lo fẹ́ kí n rò? Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ẹja yíyan méjìlá sábẹ́ ẹrù náà, kó lè máa rí nǹkan jẹ títí ọjọ́ yóò fi dáa. Bàbá rẹ fi bàtà rẹ̀ àtijọ́ kún un, ó ní bóyá ọkọ Màdáámù lè wọ̀ ọ́ wá iṣẹ́.

O ní kí n má fọ ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò kó ẹrù ìdọ̀tí lọ sílé onílé rí. Àmọ́ o tẹnu mọ́ ọn, mo bá kó àwọn asẹ́ wáyà tí mo fi ń yan ẹja láti ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, tòórùn-tòórùn ni mo kó wọn wá. Ní báyìí o ní ológbò mọ́kànlá ló ń jókòó yí ààrò náà ká lójoojúmọ́, tí Màdáámù ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn. Èmi ò rí ẹ̀bi ológbò níbẹ̀. Màdáámù ní ohun gidi láti oko lòun fẹ́, ológbò sì ti wá jẹ́rìí pé gidi ni.

Fọ́ọ̀mù tí o ní ká kọ nípa ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí Màdáámù lè lẹ ìtàn wọn mọ́ ògiri, bàbá rẹ ló kọ ọ́, torí pé ìwé rẹ̀ ṣeé kà ju tèmi lọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ orí asẹ́, ó kọ pé ó fi oṣù mẹ́jọ kéré sí ọmọ wa. Níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tó ti wá, ó kọ pé ara ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ya àwọn ilé kéékèèké síbẹ̀ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé, a kọ tiwa tán, ilé ṣì kù tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bàbá rẹ fi àmì sí gbogbo wọn, ó ní ilé tó bá ṣófo, àjèjì á kó wọ ibẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní ká kọ àbùkù ẹrù, a kò kọ nǹkan kan, nítorí èèyàn kì í tú àbùkù ilé rẹ̀ síta fún ẹni tí kò rí rí.

Ìdí tí mo fi ń ro gbogbo èyí ni pé o tún béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ó jọ pé o ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé. O ní, Màámi, láti òkè délẹ̀, báwo gan-an ni ààrò wa ṣe máa ń rí? Mo sì fi ẹnu mi yìí dá ọ lóhùn pé ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi sára rẹ̀, ṣùgbọ́n má fi orí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, gbé ìkòkò ńlá yẹn lé e. Mo ní ààrò tí kò ní nǹkan lórí, ìhòòhò ló wà.

Ó dáa. Lẹ́yìn tí a gbọ́ ohùn rẹ tán lọ́jọ́ Àìkú, onífóònù fi fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ hàn wá. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi tóbi. Mo ní kó yí i padà kí n lè rí ẹ̀yìn ààrò náà, ó ní fọ́tò kò ní ẹ̀yìn. Mo yí fóònù fúnra mi, òótọ́ ló sọ. Bàbá rẹ tó fi ogójì ọdún ṣe bíríkìlà ní ẹni tó mọ ògiri yẹn kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́, pé ilà rẹ̀ gún, pé ihò èéfín tí wọ́n mọ gòkè náà dáa. Èmi ò gbà. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ihò ṣe? Àwa tí a ń yan ẹja, èéfín lọjà wa, a kì í la ọ̀nà fún un kó sá lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí ìkòkò mi lókè téńté, ó jókòó pẹ̀lẹ́ sórí ihò náà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ìkòkò yẹn mà jìnnà sí iná o, pé ohun tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní hó títí di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá rẹ ní iná ìlú ńlá lágbára, kí n fi í sílẹ̀. A jiyàn rẹ̀ dé ilé, a jiyàn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé.

Ọjọ́ Ajé ni ojú mi là. Mo to ẹja sórí asẹ́ láàárọ̀, iná ti ràn, èéfín ń lọ sókè tààrà. Mo fi àpò tútù bo ẹja, mo gbé ìkòkò tó ṣẹ́ kù nílé lé àpò kí atẹ́gùn má baà ṣí i, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Èéfín ò rí ọ̀nà òkè gbà mọ́. Ó yí padà, ó gba ẹnu ààrò jáde, ó kọlù mí lójú. Ojoojúmọ́ ló ń kọlù mí lójú, n kì í tilẹ̀ kà á sí. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo dúró gbagidi, mo ní, yéè, mo gbé o! Ohun tí mo ń ṣe fún ẹja ni mo ní kí ọmọ mi lọ ṣe fún àlejò Màdáámù! Wọ́n jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú aṣọ tó dáa, a sì ń yan wọ́n.

Igbe tí mo ké, bàbá rẹ rò pé iná ti jó mi ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó, àfi ká dán an wò. Ó ṣa bíríkì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ilé jọ, orúnkún rẹ̀ ń ké, kò dá a lóhùn, ó mọ ààrò kékeré kan tó jọ ti inú fọ́tò, ó sì mọ ihò èéfín sí i tó ga dé àyà rẹ̀. A gbé ìkòkò lé e, a dá iná sí i, a gbé àga méjì síwájú rẹ̀, a jókòó bí àlejò. Bàbá rẹ tilẹ̀ lọ pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ rárá tí omi fi ń dà lójú wa pòròpòrò. Ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú lórí ògiri, ó rí àwa méjèèjì tí a fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ tí a ń sunkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló kú. Bàbá rẹ ò lè dáhùn, ikọ́ ti gbé e dè. Mo dìde, mo gbé ìkòkò kúrò. Ọmọ mi, kí n tó padà jókòó, èéfín ti wọ inú ihò lọ tààrà, ó gba òkè jáde, iwájú wa sì mọ́ kedere. Bàbá rẹ nu ojú rẹ̀, ó ní ṣebí òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ihò yẹn dáa.

Lónìí tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sáré padà lọ bá onífóònù pé kó bá mi pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lọ́lá. Ọkàn mi sọ fún mi pé Màdáámù nìyẹn, pé ó ti fi ìbínú gba fóònù lọ́wọ́ rẹ. N ò jẹ́ kó sọ tán. Mo kúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, èmi ni ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn, èmi ni mo rán an, ẹ fi ọ̀ràn náà jì í. Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń sọ, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Onífóònù ní kì í ṣe Màdáámù, pé ilé iṣẹ́ fóònù ló ní kó máa sọ fún èèyàn pé o kò sí nítòsí. Mo ní ta ló sọ fún un pé o kò sí nítòsí? Onífóònù ní òun náà ò mọ̀. Tí obìnrin yẹn bá ti jíṣẹ́ fún ọ, ó dáa, tí kò bá jẹ́ ẹ, ìwé rèé. Awakọ̀ tó ń kó ẹja mi lọ sí ìlú ni yóò mú un wá fún ọ láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìwọ kò fi tọmọ jẹ́ ẹ, bí mo ṣe rán ọ gẹ́lẹ́ lo ṣe jẹ́ ẹ. Mo rò ó títí. O kàwé, o mọ ìlú ńlá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo gbé ka orí iṣẹ́ rẹ, o ò tilẹ̀ bi mí ní ìdí. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dùn mí.

Bó o bá ti ka ibí yìí, dìde, lọ gbé ìkòkò yẹn kúrò lórí ihò, kí o tó wá ka èyí tó kù. Ẹ̀gbẹ́ ààrò nílẹ̀ ni kí o gbé e sí, á ṣì dùn-ún wò níbẹ̀. Àwọn igi tí o tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ igi tútù ni, mo rí i lára èèpo wọn. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún ojú, wá igi gbígbẹ tó tó ọrùn ọwọ́ rẹ fún iná. Àwọn asẹ́, fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí o sá wọn sóòrùn. Dúdú ara wọn kò ní lọ, òórùn nìkan ni yóò lọ, àwọn ológbò á sì wá ibòmíràn gbà.

Ohun kan tún wà. Nínú fọ́tò yẹn, mo rí agbọ̀n mi tí ìdí rẹ̀ ti já, tí o fi kọ́ ara ògiri tí o fi gílóòbù iná sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ pé n ó dáná sun agbọ̀n yẹn. Mo ń wò ó lójú fóònù, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ihò rẹ̀ jáde sára ògiri, mo kàn ń wò ó ṣáá ni. Onífóònù ní ṣé kí òun pa á, mo ní kó dúró ná. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń wọ ilé ìdáná yẹn tí mo ń jáde, n ò mọ̀ pé ó ní nǹkan kan tó yẹ kéèyàn dúró wò. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Má padà sí ọ́fíìsì o. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé bàbá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Owó ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí o fún awakọ̀ yìí kó mú un bọ̀ fún mi, torí pé mo ti gba owó ẹja ọ̀sẹ̀ yìí ṣáájú, ó ti bá orúnkún bàbá rẹ lọ, awakọ̀ yìí kì í sì í gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Má gbé e gba báǹkì. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, wọ́n yọ nínú rẹ̀. Mo lọ bi wọ́n, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní owó ìtọ́jú ni. Mo ní owó mi kò ṣàìsàn.

Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́bọ̀, kí n lè fi ọwọ́ ara mi dá iná náà níwájú Màdáámù lọ́jọ́ Ẹtì. Sọ fún un pé ìyá rẹ ló ní ẹ̀bi ìkòkò, òun náà ló sì ń bọ̀ wá dáná. N ò mọ fóònù, n ò mọ fọ́ọ̀mù, àmọ́ mo mọ iná. Bí mo bá dá a tí èéfín sì tún rú sí wọn lójú, èmi ni kó lé, kó má lé ọ.

Ọlọ́run yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Ojú kò ní tì ọ́ níwájú ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́. Iṣẹ́ tí o fi ọwọ́ ara rẹ yàn, yóò gbà fún ọ, wàá fi jẹun, wàá fi kọ́lé, wàá sì fi gba ọmọ ẹlòmíràn síṣẹ́. Bàbá rẹ ní àmín, ó ní kí o bá òun gba bàtà yẹn padà bí kò bá bá ẹsẹ̀ ọkọ Màdáámù mu.

Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́. Bí iná bá jó dáadáa, Màdáámù á sanwó iṣẹ́ rẹ, ìwọ ni o ó sì fi mí sínú ọkọ̀ padà. Bí kò bá jó, ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ẹlẹ́ja.